Abẹ́rẹ́ Ọjọ́bọ̀ Kì Í Ṣe Omi Fífà

Bódìjà, Ìbàdàn,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àṣàkẹ́ mi, Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ láti orí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí o fi mí sí lánàá tí o ní n ò gbọdọ̀ dìde. Mo dìde o. Mo dìde lọ wá bírò, mo tún dìde lọ wá ìwé, nígbà tí mo fi máa padà jókòó, mo ti ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré gun òkè Mọ́kọ́lá. Nítorí náà, má wo ìkọ̀wé mi níwòkuwò. Ọwọ́ tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ ìwé aláìsàn ni, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ èmi náà.

Lọ́la ni wàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Wọ́n ti fi ọ́ ṣe nọ́ọ̀sì ìwádìí, lọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa tètè mọ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àti ìtọ́jú tí yóò ran aláìsàn lọ́wọ́ ju èyí tí a ní lọ. Ìwọ ni yóò máa jókòó ti aláìsàn, tí wàá máa fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí dókítà wí, tí wàá sì gba ìfọwọ́sí rẹ̀ kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwádìí. Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ jáde kí o má baà ní Màámi kò kí ọ. Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ ti pe gbogbo ará ilé wa ní Ìgbòho, wọ́n sì ti ń sọ níbẹ̀ pé o ti di dókítà. Mi ò ní okun láti tún un ṣe fún wọn.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, Agbówó kò kúkú jìnnà sí ibí. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, ikọ́ á gba ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ìwọ náà á gba ìdajì tó kù, wàá ní, "Màámi, ẹ sinmi, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀." Kò sẹ́ni tó lè ní kí lẹ́tà sinmi, ọmọ aládùúgbò mi á sì mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá kọ irú rẹ̀ sí ọ, nítorí náà fara balẹ̀ kà á tán.

Kí n tó gbà ọ́ nímọ̀ràn kankan, jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ tó jókòó sí mi láyà síwájú. Mo mọ ohun tí ìwọ àti Káyọ̀dé ń fi pa mọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ tí a lọ ya àwòrán àyà mi ní Ring Road, ìwọ nìkan lo wọlé lọ bá dókítà. O ní kí n dúró níta, kí n máa mu omi. O pẹ́. Nígbà tí o jáde, o ti bọ́jú, omi ṣì wà létí irun rẹ. O ní, "Ẹ dúpẹ́, Màámi. Ojú àpá àtijọ́ ni. Omi díẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n máa bá yín fà á lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀." Mo ní ó dáa. A wọ takisí, o sì ní kí awakọ̀ dúró ní Challenge, o ra ọsàn fún mi, ọsàn tí n kò bèèrè. Láti ọjọ́ yẹn ni Káyọ̀dé, ọmọ tó máa ń pè mí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ti ń pè mí láràárọ̀ láti bi mí pé kí ni mo jẹ. Pásítọ̀ náà wá. Ó gbàdúrà fún "àyà ìyá wa" títí àánú rẹ̀ fi ń ṣe mí. Ta ló sọ fún un pé àyà ni?

Fúnmi, ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn àyà ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. O gbàgbé àwòrán náà sórí fìríìjì nígbà tí o wọlé lọ wẹ̀. Mo yọ ọ́ nínú àpò rẹ̀, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, mo sì wá ibi jókòó. Omi kì í rí bẹ́ẹ̀. Àpá àtijọ́ kì í yọ ẹ̀gún yíká bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwòrán nìkan kò tó láti fi dájọ́. Ikọ́ ife náà máa ń tan dókítà jẹ, òun náà ń fi òjìji sórí àwòrán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ ti abẹ́rẹ́ wọ àyà mi lọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n bu ẹran tín-ńtín nínú ẹ̀dọ̀fóró mi lọ wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ Ọjọ́bọ̀ kì í ṣe omi fífà. O mọ̀, èmi náà mọ̀. Mi ò sì ní dùbúlẹ̀ fún abẹ́rẹ́ tí wọn kò pe orúkọ rẹ̀ fún mi. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ ni pé kí o fi ẹnu ara rẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún mi kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.

Má rò pé ìbínú ni mo fi ń kọ̀wé. Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Ọ̀dọ̀ mi ni o ti kọ́ ọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti ń wo ẹ̀yìn láti ọjọ́ tí a ti Ring Road dé, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ kí o tó wọ iṣẹ́ lọ́la.

Èkíní. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ nọ́ọ̀sì kékeré, dókítà tó ń rí sí àwọn aláìsàn àyà kò gbọ́ Yorùbá. Àwa nọ́ọ̀sì là ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, wọ́n ṣáà gbà pé ẹni tó bá ti gbọ́ èdè méjì lè ṣe é. Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, Bàbá Ràjí, mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì dé ìgùnpá, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti fi oògùn ikọ́ ife tọ́jú rẹ̀ níbòmíràn fún oṣù mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ikọ́ náà kò sì gbọ́. Dókítà wo èsì ẹran tí wọ́n bù láyà rẹ̀, ó sọ ọ́ kedere pé jẹjẹrẹ ni, pé ó ti pẹ́ níbẹ̀, pé ìtọ́jú wà tó lè mú kó pẹ́ láyé díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ kankan jẹ. Ó wá yíjú sí mi pé kí n sọ ọ́ fún un.

Mo wo Bàbá Ràjí. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní, "Bàbá, dókítà ní egbò kan wà nínú àyà yín. Ẹ máa lo oògùn, Ọlọ́run á ṣe é."

Ó ní, "Egbò kẹ̀? Ṣebí egbò a máa jinná."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Dókítà bi mí bóyá ó yé e, mo ní ó yé e dáadáa. Lójú tèmi, àánú ni mo ṣe. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ àgbà lójú. Bí ẹnìkan bá kú ní ìlú òkèèrè, wọ́n á ní ara rẹ̀ kò yá, títí wọn yóò fi mú ọmọ rẹ̀ délé. Irú sùúrù yẹn ni mo rò pé mo ní.

Bàbá Ràjí gba ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó ní egbò ti jinná, ó sì gba Ṣakí lọ láti lọ kan òrùlé ilé tó ń kọ́. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e padà wá. Ọrùn rẹ̀ ti wú, ohùn rẹ̀ ti lọ tán. Ó fi ọwọ́ pè mí pé kí n tẹ etí sílẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ohun tí dókítà wí lọ́jọ́ náà lẹ sọ fún mi?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ǹ bá má lọ kan òrùlé. Ǹ bá jókòó ti ìtọ́jú. Tàbí kẹ̀, ǹ bá lọ náà, ṣùgbọ́n ǹ bá mọ̀ pé èmi ni mo yàn án." Kò bú mi. Ó ní kí n bá òun gbé ìrọ̀rí sókè díẹ̀, mo sì gbé e sókè.

Láti ìgbà náà, mi ò purọ́ fún aláìsàn mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí i pé wọ́n fẹ́ la ọ̀rọ̀ fún ẹnìkan, mo máa ń wá iṣẹ́ ṣe ní yàrá kejì. Má fi ìyẹn kọ́ṣe. Bí dókítà bá sọ jẹjẹrẹ, ìwọ náà sọ jẹjẹrẹ. Kọ́kọ́ bi ẹni náà pé báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n tó. Ẹlòmíràn á ní òun kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn náà ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kó ṣáà ti jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kó má jẹ́ pé àkọ́bí rẹ̀ ló bá a sọ ọ́ fún yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ó bá ní òun fẹ́ mọ̀, jókòó kí o tó sọ ọ́. Sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Tí o bá sọ ọ́ tán, dákẹ́, má tètè fi àdúrà bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí ó tó wọ etí ẹni náà. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti ta èké fún àwọn tí wọn kò bẹ̀ mí kí n tà á, èmi ni kí o bi.

Èkejì. Ìwé ìwádìí á ní kí o bèèrè bóyá aláìsàn ń fa sìgá. Ó rọrùn lójú ìwé, èmi náà ti bá wọn ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ rí. Àfìgbà tí díákónì ìjọ wa jókòó síwájú mi, tòun tìyàwó rẹ̀, ọkùnrin tó kọ́ mi ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi láti ìgbà tí n kò tíì mọ ìwé kà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú rẹ̀ kí n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ń fa sìgá?" Mo kọ Rárá, mo ṣí ojú ìwé tó kàn. Bí mo sì ṣe ń kọ ọ́, mò ń gbóòórùn sìgá lára agbádá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà ń gbóòórùn rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tòun alára, la jọ bọ̀wọ̀ fún un lọ́jọ́ náà.

Ti ìyá kan ní Òkè Àdó ló wá dùn mí jù. Ogún ọdún ó lé ló ti ń ko igi sínú ààrò ní ilé búrẹ́dì. Mo bi í nípa sìgá, ó gbá àyà, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Èmi kẹ̀?" Mo kọ Rárá. Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní èéfín ààrò ló ń yọ òun lẹ́nu, pé bí òun bá tutọ́ lówùúrọ̀, dúdú ló máa ń jáde. Mo ní, "Màmá, ó ti tó, ìyẹn kò sí nínú ìwé." Bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀gá ìwádìí náà ń wá kiri ni ìdí tí obìnrin tí kò fa sìgá rí fi ń ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Bóyá ìdáhùn rẹ̀ ló jókòó síwájú mi, tí mo ní kó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ mi yìí á yé ọ bí o bá rí ìwé náà, ó gùn, ọwọ́ á máa dùn ọ́, ebi á sì máa pa ọ́.

Nítorí náà, wá ọgbọ́n dá. Bí o bá fẹ́ bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, rán àwọn tó tẹ̀ lé e wá pé kí wọ́n lọ gba káàdì tàbí kí wọ́n lọ ra omi. Kí o wá ní, "Bàbá, gbogbo ẹni tó bá jókòó síbí ni mò ń bi, ọba ni o, ìjòyè ni o." Wọn yóò dá ọ lóhùn. Àgbà a máa fẹ́ sọ̀rọ̀ bí kò bá sí ẹni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí o sì bèèrè nípa igi ìdáná, èédú, èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ yàrá, àti ohun tí wọ́n ń fà símú níbi iṣẹ́. Bí kò bá sí ààyè nínú ìwé, kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí o sì sọ fún ọ̀gá rẹ. Irọ́ tí o bá kọ lórúkọ ọ̀wọ̀ lónìí, òun ni wọn yóò fi tọ́jú ọmọ-ọmọ àgbà náà lọ́la.

Ẹ̀kẹta, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, bàbá rẹ gan-an kò gbọ́ ọ títí ó fi kú. Ìwádìí kan wà tí a ṣe lórí oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn kan á gba oògùn àtijọ́, àwọn kan á gba tuntun. Wọ́n kọ èyí tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú àpòòwé, wọ́n lẹ̀ wọ́n lẹ́nu, wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, kí ó má baà sí ẹni tó máa yan èyí tó wù ú. Èmi ni mo ń tọ́jú àpòòwé wọ̀nyẹn.

Ìyá Sèmíù wá, ọmọ Ìgbòho bíi tiwa, ilé wọn àti ilé wa kọjú síra níbẹ̀. Ó di mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ọmọ ìyá mi, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ tí n ó fi gba oògùn àtijọ́? Ẹ bá mi fi mí sápá tuntun, nítorí Ọlọ́run." Mo gbé àpòòwé tó kàn án sí ojú oòrùn, mo rí i pé àtijọ́ ni. Mo fi í sílẹ̀, mo mú èyí tó tẹ̀ lé e. Ó súre fún mi, ó súre fún oyún Káyọ̀dé tó wà níkùn mi.

Oògùn tuntun náà kò bá a lára mu rárá. Ó bì títí, inú ẹnu rẹ̀ bó, omi lásán kò ṣeé gbé mì fún un. Ó kú kí òjò ọdún yẹn tó dá. Mi ò lè sọ pé oògùn ló pa á, jẹjẹrẹ náà kì í kúkú ṣeré. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé ìyà yẹn fún un, tí mo pè é ní ojúure. Ọkùnrin tó gba ààyè rẹ̀, ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí, tí kò ní ará ilé láàárín àwọn nọ́ọ̀sì, oògùn àtijọ́ ló lò, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá gba káàdì fún ìgbà pípẹ́. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ nígbàkigbà tó bá wá. Bí a bá ti mọ̀ pé tuntun dára ju àtijọ́ lọ, kí la wá ń wádìí? Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé ohun tuntun ni oore.

Wọ́n sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ló ń pín wọn nísinsìnyí, pé kò sẹ́ni tó lè gbé e sójú oòrùn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa á ṣì wá bá ọ. Wọ́n á pè ọ́ ní ọmọ wa, wọ́n á gbé iṣu wá, wọ́n á ní kí o bá àwọn bá dókítà sọ̀rọ̀. Gba ìkíni wọn, dá iṣu padà pẹ̀lú ẹ̀rín, kí o sì ṣàlàyé fún wọn pé kò sí ẹni tó tíì mọ èyí tó sàn jù, àwọn dókítà pàápàá. Ìyẹn ló ṣòro jù fún wọn láti gbà gbọ́, pé dókítà lè má mọ̀.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún, ikọ́ ló dá mi dúró. Mo jẹ ọ̀kan nínú ọsàn tí o rà. Ó kan. Èyí tí mo máa kọ báyìí kò ní nọ́ńbà, bó bá ṣe ń bọ̀ ni kí o ṣe gbà á.

Má bi ẹnikẹ́ni pé níbo ló wà láti ọjọ́ yìí kó tó wá. Ó ti dé kẹ́mísì, ó ti dé orí òkè àdúrà, ó ti gbé oògùn ikọ́ ife mì títí ìtọ̀ rẹ̀ fi pọ́n. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fi ẹ̀tẹ̀ hàn án? Bí o bá bú u lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní padà wá lọ́jọ́ kejì.

Má fa àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni sínú íǹkì. Jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ nà án. Sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé bí ó bá kọ̀, wọn kò ní yé tọ́jú rẹ̀, kí o sì rí i dájú pé òótọ́ ni. Bí ó bá kọ̀, má yí ohùn padà sí i.

Wọ́n á kú, Fúnmi. Púpọ̀ nínú wọn á kú, nítorí wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ọlọ́jọ́. Mo mọ òwe yẹn lórí, kò sì ràn mí lọ́wọ́. Màá ti ibi iṣẹ́ dé, màá bá abọ́ tí ẹ kò fọ̀, màá sì fi òkú ẹni tí ẹ kò mọ̀ lù yín. O rántí. Ìwọ lo máa ń sá lọ sẹ́yìn ilé, Káyọ̀dé á dúró gba tiẹ̀ àti tìrẹ. Ọ̀ràn abọ́ kọ́ ni nígbà kankan. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́. Wá ẹni tí wàá máa sọ̀rọ̀ fún kí o tó délé. Kí o sì máa jẹun ní ọ̀sán, mo mọ̀ ọ́.

Ó wá ku tèmi.

Ẹ̀rù ń bà mí, Àṣàkẹ́. Mo ti rí bí àìsàn yìí ṣe ń parí, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Bóyá ẹran tí wọ́n bù á sọ pé ikọ́ ife lásán ni, tí a ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Kérésìmesì. Mo ń gbàdúrà fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju jẹjẹrẹ lọ ni kí gbogbo yín máa rẹ́rìn-ín sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì, kí èmi náà máa rẹ́rìn-ín sí yín, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sọ ọ̀rọ̀ òótọ́ kan títí n ó fi lọ. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹni tó ń sọ pé omi ni.

Mo mọ òfin iṣẹ́ yín, ọmọ kò gbọdọ̀ gba ìfọwọ́sí ìyá rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bó bá di pé wọ́n fẹ́ kí n wọ inú ìwádìí náà, kí nọ́ọ̀sì mìíràn mú ìwé wá, kó kà á fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, màá bi í ní ìbéèrè títí yóò fi sú u. Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nítorí mi. Apá tí kọ̀ǹpútà bá pín mi sí, ibẹ̀ ni n ó wà. Mo sì lè kọ̀. Ara tó ti rẹ̀ yìí, tèmi ni, mo lè ní ó ti tó. Bí mo bá kọ̀, ẹ̀yin méjèèjì kò gbọdọ̀ gbé pásítọ̀ wá bẹ̀ mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ìwé, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì. Wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé. Nígbà tí o bá wọlé, má kúnlẹ̀ kí mi. Bí o bá kúnlẹ̀, ilẹ̀ ni wàá máa wò, wàá sì tún rí nǹkan mìíràn sọ. Fa àga, jókòó kọjú sí mi, kí o ní, "Màámi, wọ́n rò pé jẹjẹrẹ ni." Kí o sì dákẹ́.

Mi ò fi ẹnu mi sọ gbólóhùn yẹn lójú aláìsàn kan rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ìwọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ lè gbọ̀n, o lè sunkún, kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ara ẹlòmíràn ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ìwọ, ara mi ni kí o ti kọ́ tìrẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Màámi.